Ẹni tó ta píkọ́ọ̀pù fún mi kò purọ́ fún mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn. Kíkà ni mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń ka tiyín, nígbà tí ọ̀gá mi bá kà á tán tó sì jù ú sílẹ̀ fún wa láti fi nu ọ̀dà ọwọ́. Àmọ́ ohun tí akọ̀wé yín kọ sí ojú ewé ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ àlòkù tí ẹni tó ń tà á bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ní àrùn. Ó ní ẹni tó bá rà á, wàhálà ló fi owó gidi rà.

Mo ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ni. Àrùn mẹ́ta ni wọ́n kà fún mi kí n tó sanwó, mo sì sanwó. Ìyà tó jẹ mí lórí rẹ̀ kò kéré, mi ò ní fi bò. Síbẹ̀ náà, mi ò gbà pẹ̀lú akọ̀wé yín. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí ìyà náà ti wá gan-an, nítorí kò wá láti ibi tí ó nàka sí.

Káfíńtà ni mí. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, ọdún 32 rèé tí mo ti ń kàn wọ́n. Ní gbogbo ọdún yẹn, ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo fi ń kó igi. Ẹ bi káfíńtà èyíkéyìí léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń báni kẹ́rù. Ẹ dá aago mẹ́jọ fún wọn, wọ́n á dé ní aago kan. Ẹ ní kí wọ́n rọra, wọ́n á fi igun kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ha ara ògiri. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìkẹ́rù fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìjókòó ẹni méjì níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn gbọọrọ, ọkàn mi ti débẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó dé.

Èmi àti ọmọṣẹ́ mi la jọ lọ. Ọmọ ọdún 19 ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sinmi. Bàbá náà gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Kò ṣe bí àwọn tó ń ta ọkọ̀ ti máa ń ṣe, tí wọ́n á máa búra pé ọkọ̀ yìí kò tíì já àwọn sílẹ̀ rí láyé. Ìka mẹ́ta ló nà sókè.

Ó ní, "Ẹ wò ó, mi ò ní tàn yín. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe ọkọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, ó máa ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń bu omi sí i láràárọ̀, kò ní yọ yín lẹ́nu. Èkejì, gíà rẹ̀ máa ń kígbe nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki í sí kejì, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í padà sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ó máa ń fà sí òsì. Torí ìwọ̀nyí ni mo ṣe dín owó rẹ̀ kù fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà tù mí lára. Mo sọ nínú ara mi pé olóòótọ́ èèyàn rèé. Olóòótọ́ sì ni, mo tún ń sọ ọ́ lónìí. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni pé mo rò pé nígbà tí òun ti jẹ́ olóòótọ́, iṣẹ́ tèmi ti parí. Mo ka àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìka bó ṣe kà á, mo fi owó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́kàn mi. Gíà tó ń kígbe ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí igbe rẹ̀ dà bí ìgbà tí ayùn bá ìṣó pàdé nínú igi. Bíréèkì ló tẹ̀lé e. Omi? Omi ni mo fi sẹ́yìn pátápátá. Mo ní rédíétọ̀, àpótí omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù, ló ń jò, a ó lẹ̀ ẹ́ tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀, ó tán. Ta ló ń bẹ̀rù omi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti gíà, nítorí òun ló dùn ún sọ. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì (mo ti sanwó tán o, ẹ sàmì síbẹ̀), ó jókòó sídìí rẹ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ó ki í sí gíà, gíà kígbe. Ó wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó tún ki í, gíà wọlé láìsọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ pé inú àpótí gíà ló ti jẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíà kan péré ni yóò máa kígbe, títẹ kílọ́ọ̀ṣì léraléra kò sì ní pa á lẹ́nu mọ́ báyẹn. Kílọ́ọ̀ṣì ni kì í tú gíà sílẹ̀ tán lára ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà kékeré kan wà nínú páǹpù tó ń ti òróró kílọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà náà ti jẹ, òróró ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá padà. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, kò tóbi ju òrùka ọwọ́ mi lọ. Ìdajì ọjọ́ ló fi parí rẹ̀, owó tó gbà kò sì tó ohun tí mò ń ná sórí gúlúù lóṣù kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Bíréèkì náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Ọkọ̀ ń fà sí òsì, àbí? Kí mẹkáníìkì tó jáde wá, mo ti ní kí ọmọṣẹ́ mi máa tú táyà òsì. Ọgbọ́n káfíńtà. Mẹkáníìkì dúró, ó wò wá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣiṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń sùn." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ tó bá mú ni ọkọ̀ máa ń yà sí. Tọ̀tún kò mú, nítorí irin méjì tí bíréèkì ń yọ̀ rìn lórí wọn ti dípẹtà, wọ́n sì ti gan pa síbẹ̀. Ó yọ wọ́n, ó fi sánpépà gbo wọ́n (sánpépà tèmi, tó wà lẹ́yìn ọkọ̀), ó fi gíríìsì pa wọ́n, ó dá wọn padà. Ọkọ̀ ń dúró gbọnrangandan láti ọjọ́ náà. Mo máa ń rò ó pé èèyàn mélòó ló ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà ní ẹsẹ̀ òsì nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ló ń ṣàìsàn.

Ó wá ku omi.

Lọ́jọ́ tí a lọ wo ọkọ̀, bí mo ṣe ń bá bàbá náà dúnàádúrà, ọmọṣẹ́ mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó sún mọ́ mi, ó ní jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ibí yìí gbóná o. Wọ́n ti tan án kí a tó dé." Mo ní kó dákẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í tú àṣírí ara rẹ̀. Ìgbà tó bá ti sun òru tó tutù dé ìsàlẹ̀ ni èèyàn máa ń rí èéfín rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà náà nìkan ló sì ṣeé ṣe láti ṣí ìdérí rédíétọ̀ láìbó lójú. Bàbá náà ní òun kàn tan án láti fi gbé e kúrò níbi tó há sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kí n sì sọ pé a ó padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án kí a tó dé.

Dípò bẹ́ẹ̀, mo wà á wò. Ìṣẹ́jú 10, ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ojú mi wà lára géèjì ìgbóná, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò kọjá ìdajì. Inú mi dùn. Píkọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ rà o, ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹrù, mo sì dán an wò bí ẹni tó fẹ́ fi máa ṣeré kiri.

Lọ́jọ́ karùn-ún, a kó pákó 40 sí i. A dé orí òkè kan, òkè tí kò ga rárá, tí àwọn ọmọdé ń fi kẹ̀kẹ́ gùn. Kí a tó dé téńté rẹ̀, ooru ti ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo wo géèjì. Ìdajì ló ṣì wà. Abẹ́rẹ́ náà kò mira. Mẹkáníìkì ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: ohun tó ń wọn ìgbóná gbọ́dọ̀ wà nínú omi kó tó lè wọn ìgbóná omi. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n fi í sí, afẹ́fẹ́ àti ooru omi ló kù tó ń wọ̀n, ó sì lè máa sọ fún èèyàn pé kò séwu. Ìgbà tí a nílò géèjì yẹn jù ni ojú rẹ̀ máa ń fọ́.

Ó ní kí n jẹ́ kí ọkọ̀ sun ọ̀dọ̀ òun. Ní àárọ̀, ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó bu omi kún un, ó ní kí ọmọṣẹ́ mi tan án. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìfóòfó gbùú-gbùú. Kì í ṣe ti ìgbóná, nítorí mo ti ìka bọ̀ ọ́, tútù ló tutù. Afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ yọ. Afẹ́fẹ́ láti ibo? Láti inú sìlíńdà, níbi tí epo ti ń jó. Ó yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tan iná sí epo nínú sìlíńdà, ó tò wọ́n sórí àkísà bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Mẹ́ta ní àwọ̀ ìlò lára. Ìkan mọ́ rekete bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ó ní omi tó ń wọ inú sìlíńdà yẹn ló ń di ooru, tó sì ń fọ̀ ọ́. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára dà bí omi tí wọ́n da wàrà sí.

Ọ̀pá ọ́ìlì yẹn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ì bá gbà mí láti fà á yọ lọ́jọ́ tí mo lọ wo ọkọ̀?

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí inú ẹ́ńjìnnì rí, ẹ fojú inú wo àpótí onírin tó ní ìdérí. Nínú àpótí ni àwọn irin tí wọ́n ń pè ní písítìnnì ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ìdérí ló bo wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi bóòtì dè é pinpin. Láàárín àpótí àti ìdérí ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà, pẹlẹbẹ báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó má jẹ̀ẹ́ kí iná, omi àti ọ́ìlì fojú kan ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, irin ni àpótí, alumíníọ̀mù sì ni ìdérí. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì bákan náà, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Nígbà tí omi bá wà, tí ìgbóná ò kọjá ààlà, wọ́n ti ṣètò fún ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí omi tán, kó gbóná kọjá ààlà: ìdérí fẹ́ fẹ̀, bóòtì kò jẹ́ kó fẹ̀, kí ló kù tó lè ṣe? Yóò wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì kò sì ní lè dí àlàfo rẹ̀ mọ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan wọ́. Ẹ kan pákó tútù mọ́ férémù, ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ wá wò ó lọ́sẹ̀ kejì.

A gbé ìdérí náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin. Wọ́n fi rúlà irin lé ojú rẹ̀ ní ìbú, wọ́n ń ki irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára wọ abẹ́ rúlà láti mọ bí àlàfo rẹ̀ ṣe tó. Ní ìdí iṣẹ́ tèmi, tí ilẹ̀kùn bá wọ́ ní mìlímítà 1, kò sí oníbàárà tó máa mọ̀. Níbẹ̀, ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Tiwa lé ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Wọn ì bá má sọ nọ́ńbà náà fún mi rárá. Mo tẹ̀ ba, mo di ojú kan, mo fi èkejì wò ó láti ìpẹ̀kun bí mo ṣe ń wo igi, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rúlà.

Ojú tì mí. Tí mo bá fẹ́ ra pákó, mi ò kì í ra èyí tí mi ò gbé sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi ojú tọ̀ láti orí dé ìdí. Mo máa ń bi onípákó pé ìgbà wo ni wọ́n là á, ibo ni wọ́n sá a sí, ṣé òjò ti pa á. Tó bá sọ fún mi pé "eléyìí wọ́ díẹ̀ o", mi ò ní kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n sanwó. Màá bi í pé kí ló wọ́ ọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún pákó, mi ò ṣe é fún ọkọ̀ tó wọ́n ju gbogbo pákó tó wà nínú ìsọ̀ mi lọ. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Wọ́n fá ìdérí náà títí ó fi tẹ́jú. Ṣùgbọ́n omi ti bá ọ́ìlì lò pọ̀, ọ́ìlì tó ní omi nínú kò sì lè dáàbò bo bẹ́ríǹgì bó ṣe yẹ, nítorí náà a tún ní láti tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a pààrọ̀ àwọn bẹ́ríǹgì tó gbé ọ̀pá ẹ́ńjìnnì dúró. Gbogbo owó tí mo ná sórí omi tí mo fojú di yìí lé díẹ̀ ní ìdajì iye tí mo fi ra ọkọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì méjì pẹ́ dé ọwọ́ àwọn tó ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì gba owó rẹ̀ padà.

Mo bínú lọ bá bàbá náà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ pé ó ń mu omi?"

Mo ní, "Ẹ sọ, bàbá."

"Ṣé ẹ bi mí pé láti ìgbà wo?"

Mi ò dáhùn.

"Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀. Ṣé ẹ bi mí bóyá ó ti hó rí? Ó ti hó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo máa ń dúró kó tutù, màá bu omi sí i, a ó sì máa lọ. Ẹ ò bi mí ni. Tẹ́ ẹ bá bi mí, màá sọ."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí híhó mẹ́rin yẹn túmọ̀ sí. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tó hó, tó tutù, tó sì tún ń lọ, ara rẹ̀ ti yá ni. Mo dìde, mo kí i, mo padà sílé.

Ọmọ mi obìnrin, tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ló sọ fún mi pé ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, George Akerlof, ti kọ̀wé lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù ní 1970. Ohun tí ọkùnrin náà rí ni pé ẹni tó ń tà mọ ohun tí ẹni tó ń rà kò mọ̀. Nítorí náà ẹni tó ń rà yóò máa bẹ̀rù, kò sì ní fẹ́ san ju owó àárín lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára gan-an kò ní gba owó àárín, yóò gbé tirẹ̀ kúrò lọ́jà. Àwọn ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni yóò sì kù nílẹ̀. Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2001, òun àti àwọn méjì míì, Michael Spence àti Joseph Stiglitz. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, ó sì dára. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọmọ mi pé ó ku ibì kan. Nínú ọ̀ràn tèmi, àwa méjèèjì la ò mọ̀. Bàbá mọ̀ pé omi ń dín, kò mọ ohun tí dídín rẹ̀ ti bà jẹ́. Èmi ì bá lè mọ̀, torí mo lówó láti pe mẹkáníìkì dání lọ, mi ò pè é.

Ibi tí èmi àti akọ̀wé yín ti pínyà nìyí. Ó ní kí a sá fún ẹni tó bá jẹ́wọ́ àrùn ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta wá ni ká sá lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun kò ṣe nǹkan kan? Ọkọ̀ àlòkù wo ni kò ṣe nǹkan kan? Ẹni tó sọ pé "ó ń mu omi" ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún èèyàn, ó kù kí èèyàn wọlé. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ti ń ṣe sí i láti ìgbà náà? Ta ló ti wò ó rí, kí ló sì sọ? Àrùn tí wọ́n sọ fún mi kọ́ ló jẹ mí lówó, àwọn ọmọ tó ti bí láàárín ọdún kan ààbọ̀ ni. Ọkọ̀ tó ń jò ọ́ìlì díẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, ohun kékeré ni létí. Ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì náà bá ti ń kán sórí bẹ́líìtì tó ń darí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì láti ọdún tó kọjá, bẹ́líìtì náà lè ti rọ̀. Lọ́jọ́ tó bá já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnnì á lọ gbá fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ á sì di wóró-wóró. Ọkọ̀ kan náà, tí jíjò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, màá rà á láìbẹ̀rù.

Akọ̀wé yín tún gbà wá níyànjú pé kí a gbára lé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn láti ka àṣìṣe ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà wúlò. Láti 1996 ni ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti gbọ́dọ̀ ní ojú ihò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ lè nu àwọn àṣìṣe náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò sì kú. Ẹ ní kí ẹni tó ń lò ó wò ó bóyá ọkọ̀ náà ti parí gbogbo àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀; tí kò bá tíì parí wọn, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án láìpẹ́ nìyẹn, tàbí kí wọ́n ti tú bátìrì rẹ̀. Ẹ̀rọ kò sì ní bá yín fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ.

Ohun kan wà tí mo gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ tó. Ṣáàsì. Píkọ́ọ̀pù kò dà bí ọkọ̀ kékeré. Orí irin gígùn méjì tí wọ́n dè pọ̀ bí àkàbà ni gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Tí àkàbà yẹn bá ti dípẹtà láti inú, olóòótọ́ ni o, elékèé ni o, mi ò ní rà á. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú, gíà ṣeé tú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà mọ bí ọ̀ràn ṣáàsì ṣe wúwo tó: ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣáàsì píkọ́ọ̀pù Tacoma àti Tundra tó ń dípẹtà, ó sì gbà pé àwọn yóò máa yẹ̀ wọ́n wò, àwọn yóò sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ kọjá ààlà. Ẹni tó ń rà lọ́wọ́ ẹnìkan kò ní rí ilé iṣẹ́ tó máa bá a pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, kó máa kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ibi tí sípíríìngì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó le máa ń dún gan-an. Èyí tó ti jẹ máa ń dún bí páálí. Ti bàbá náà dún dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí mi ò kàn án wò kí n tó rà á.

Mo ti ṣe ìṣirò. Iye tí mo fi rà á, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe, ṣì fi díẹ̀ dín sí iye irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà pé kò ṣe nǹkan kan. Díẹ̀ ni o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo jèrè. Ká ní mo ti mọ̀ nípa híhó mẹ́rin yẹn ni, màá ti dúnàádúrà lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe lórí rédíétọ̀. Bàbá náà ì bá gbà, mo dá a lójú fún yín. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti sọ.

Nítorí náà mo bẹ akọ̀wé yín, tó bá tún fẹ́ kọ nípa ọkọ̀ àlòkù, kó fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ohun tí èèyàn lè bi ẹni tó ń tà á léèrè, àti ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ àti ojú yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lápò. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín kì í ṣe ọlọ́rọ̀ tó lè ra tuntun. Ọkọ̀ tó ní àrùn ni ọ̀pọ̀ wa máa rà.

Ọmọṣẹ́ mi gba òmìnira lóṣù tó kọjá. Ó ti rí píkọ́ọ̀pù kan tó fẹ́ rà. Ẹni tó ni ín sọ pé ó ń dún gbì-gbì lábẹ́ tí èèyàn bá fi í padà sẹ́yìn. Ó ní kí n bá òun lọ wò ó láàárọ̀ Sátidé. Mo ní màá lọ, a ó mú mẹkáníìkì dání, a ó tètè dé kí wọ́n tó jí. Mo sì ti sọ fún un pé tó bá gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sì gbóná, kó má wò mí lójú kó tó pariwo.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín